Bí a ṣe ń tọ́jú òṣìṣẹ́ kí ara àti ọkàn wọn lè balẹ̀ níbi iṣẹ́

Orí owó oṣù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń pín ẹ̀bùn fún aráàlú, àmọ́ tí kì í san owó òṣìṣẹ́ ẹ̀ lásìkò, kò tíì ṣe nǹkan kan. Ẹ mú ọjọ́ kan nínú oṣù, kí ẹ má sì yẹ̀ ẹ́. Ẹni tí kò mọ ìgbà tí owó máa wọlé kì í lè sùn dáadáa.

Ó wá kan wákàtí iṣẹ́, ibẹ̀ gan-an ló le jù. Láti ọdún 1919 ni ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ti ṣe àdéhùn fún àwọn iṣẹ́ bíi ti ilé ẹ̀rọ àti ibi ìwakùsà pé kí iṣẹ́ má kọjá wákàtí 8 lójúmọ́ àti 48 lọ́sẹ̀. Lọ́dún 2021, òun àti WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sọ pé ìdá 35 nínú 100 ni ewu àrùn rọpárọsẹ̀ fi pọ̀ sí i fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, tí a bá fi wé ẹni tó ń ṣe 35 sí 40.

Torí náà, ẹ má wo ìwé àdéhùn nìkan. Ẹ wo àtẹ̀jíṣẹ́ tí ọ̀gá ń fi ránṣẹ́ láago mẹ́wàá alẹ́: “Jọ̀ọ́, tètè bá mi wo èyí.” Kò le lẹ́nu, àmọ́ ẹni tó rí i á dìde lórí ibùsùn. Ẹ fẹnu kò sórí aago kan tí kò ní pọn dandan fún ẹnikẹ́ni láti fèsì mọ́, kí àwọn ọ̀gá sì kọ́kọ́ pa á mọ́. Bí iṣẹ́ bá ṣì ń ṣẹ́ kù, ọwọ́ ni kò tó. Ẹ gba èèyàn sí i.

Ìsinmi ọdọọdún, ìsinmi ìbímọ àti ohun èlò ààbò kì í ṣe ojúure. Ẹ̀tọ́ wọn ni.

Ẹ ṣí ọ̀nà méjì ó kéré tán fún ẹni tó bá ní ẹ̀sùn, torí ọ̀gá rẹ̀ gan-an lè jẹ́ ẹni tó ń fòòró ẹ̀mí rẹ̀. Ẹni tó fẹjọ́ sùn ò gbọ́dọ̀ jìyà, ẹ sì jẹ́ kó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n léèrè láìgba orúkọ: “Ṣé o lè gba ìsinmi láìbẹ̀rù?” Ẹ sọ ohun tí ẹ bá gbọ́ fún gbogbo wọn, kí ẹ sì tún ó kéré tán ohun kan ṣe kí ẹ tó béèrè òmíràn.