Kí ẹ tó ra sódárìn àti bulówà: bí a ṣe ń yan èyí tó bá iná Ògbómọ̀ṣọ́ mu

Sódárìn tí a fi ń jó lẹ́ẹ̀dì (wáyà rírọ̀ tí ń yọ́ láti so nǹkan mọ́ bọ́ọ̀dù) àti bulówà tí ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sórí bọ́ọ̀dù, ẹ̀rọ méjì ni wọ́n, kódà bí wọ́n bá kó wọn sínú àpótí kan. Ẹni tó ń tún dikóódà, rédíò, ṣájà láàpútọ́ọ̀pù àti fáànù oníbátìrì ṣe nílé, sódárìn ló máa wà lọ́wọ́ rẹ̀ jù. Kapásítọ̀ tó wú, wáyà tó já, ẹsẹ̀ tiransifọ́mà tí lẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ti sán yíká, sódárìn ló ń yanjú gbogbo wọn. Bulówà ń wúlò nígbà tí ẹsẹ̀ IC (ẹ̀yà dúdú kékeré ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ tó wà lórí bọ́ọ̀dù) bá yí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ká, tàbí tí ẹnu ṣájà fóònù bá lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù láti abẹ́, níbi tí ṣóńṣó irin kò lè dé. Bí owó kò bá ká méjèèjì, ẹ kó èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ lé sódárìn, kí bulówà ṣì dúró ná.

Iná ilé yín ló máa yàn fún yín

Ní Tákíé o, ní Sábó o, ní Under G níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH kún fọ́fọ́, kò sí ẹni tí kò mọ iná aago mẹ́jọ alẹ́: gílóòbù á pọ́n bíi fìtílà, fáànù á máa yí bí ẹni tó ń tòògbé. 230V ló yẹ kó máa jáde nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá ti mítà tí ń wọn iná (multimeter) bọ̀ ọ́ nírú àsìkò yẹn, ẹ lè bá 160V níbẹ̀. Ìdá mẹ́ta kan péré ló jọ pé ó dín, àmọ́ agbára ẹ́límẹ́ǹtì, ìyẹn ohun tí ń gbóná nínú ẹ̀rọ, ń dín ju bí iná ṣe ń dín lọ. Bí volt bá dín sí ìdajì, ìdá mẹ́rin kan ni agbára máa kù. Bulówà 700W tí ẹ gbé sórí 160V, nǹkan bíi 340W ló ṣẹ́ kù nínú rẹ̀. Ẹ ó yàn án sí 380°C, nọ́ńbà á gùn dé ibì kan, á dúró gbagidi, ẹ ó sì máa bínú sí ẹni tó tà á fún yín.

Nítorí náà, ẹ wọn iná ilé yín láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ tó náwó. Bí kì í bá sábà kọjá 190V, sitẹbiláísà 2kVA tó ṣeé gbára lé ló yẹ kó ṣáájú bulówà wọlé.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní “I better pass my neighbour” kò lè gbé bulówà. Nǹkan bíi 650W ni gbogbo agbára rẹ̀, á kàn máa húkọ́ ni. Sódárìn kò ni ín lára rárá. Inverter 1kVA oní 12V lè gbé bulówà bí kò bá sí ẹrù mìíràn lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ́límẹ́ǹtì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná, ohun tó ń fà nínú bátìrì lé ní 60A. Kó jẹ́ inverter pure sine wave, èyí tí iná rẹ̀ rí bíi ti Nẹ́pà. Bulówà olówó pọ́ọ́kú máa ń ṣọ́ ìgbà tí iná tó ń lọ tó ń bọ̀ bá kọjá lórí òdo kó tó mọ ìgbà tó yẹ kó tan ẹ́límẹ́ǹtì rẹ̀. Iná onígun tí inverter gbàrọgùdù ń pọ̀ jáde lè dà á lójú rú, tí ooru á fi máa fò sókè sódò.

Ohun tó ń pa bulówà jù nílùú yìí ni kí Nẹ́pà mú iná lọ lójijì nígbà tó wà ní 380°C. IBEDC ló ni iṣẹ́ náà báyìí, ṣùgbọ́n Nẹ́pà kò kúrò lẹ́nu wa. Fáànù á dúró, ooru tó wà lára ẹ́límẹ́ǹtì á sì wá ọ̀nà padà sínú ọwọ́ rọ́bà. Nínú bulówà irú 858D àti àwọn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, inú ọwọ́ yẹn gan-an ni fáànù wà, òun ló sì ń kọ́kọ́ yọ́. Bí iná bá lọ báyẹn, ẹ má gbé e kọ́ kí ẹnu rẹ̀ kọjú sílẹ̀, torí òkè ni ooru ń gbà. Ẹ dá a dúró kí ẹnu rẹ̀ kọjú sókè, kó fẹ̀yìn ti bíríkì, kó jìnnà sí kọ́tìnì, títí yóò fi tutù.

Sódárìn: 936 tàbí T12

Irú méjì ló pọ̀ lọ́jà. Irú 936 ni ti àkọ́kọ́: ọwọ́ rẹ̀ ń jẹ́ 907, tíìpù rẹ̀, ìyẹn irin ẹnu tó ń kan lẹ́ẹ̀dì, ń jẹ́ 900M. Tíìpù dé ẹ́límẹ́ǹtì lórí bíi fìlà, àyè sì wà láàárín wọn, ìyẹn ni ooru fi ń lọ́ra kó tó dé ṣóńṣó. Ó tó ìṣẹ́jú kan kó tó gbóná dáadáa. Irú kejì ni T12: nínú rẹ̀, ẹ́límẹ́ǹtì, ohun tí ń wọn ooru àti tíìpù jẹ́ igi kan ṣoṣo. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ti ṣe tán.

Ẹ gbé méjèèjì lọ sí bọ́ọ̀dù tẹlifíṣọ̀n, ní ibi tí bàbà ti tẹ́ rẹrẹ bí àtẹ́lẹwọ́ ní abẹ́ ẹsẹ̀ kapásítọ̀ ńlá. Ẹ ó fi 907 kàn án: lẹ́ẹ̀dì á yọ́ díẹ̀ létí, á tún dì, tíìpù á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Bàbà ti fa gbogbo ooru lọ. Ẹni tí kò mọ̀ á sún un lọ sí 450°C, tíìpù á dúdú, bàbà á sì ká kúrò lórí bọ́ọ̀dù. T12 tó wà ní 360°C á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ooru ń sá, á ti òmíràn tẹ̀lé e, lẹ́ẹ̀dì á sì dán bí omi láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sí mẹ́rin. Kì í ṣe pé 907 kò dáa o, iṣẹ́ wáyà àti rédíò kò ju agbára rẹ̀ lọ. Bọ́ọ̀dù tí bàbà rẹ̀ tẹ́ rẹrẹ ló ń tú àṣírí rẹ̀.

T12 tún ní àǹfààní kan tó bá wa lára mu: iná bátìrì ló ń lò. Ẹ́límẹ́ǹtì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 8 ohm. Lórí 24V, agbára rẹ̀ jẹ́ 72W. Lórí ṣájà láàpútọ́ọ̀pù 19V, ó jẹ́ nǹkan bíi 45W, èyí sì tó fún púpọ̀ nínú iṣẹ́ ilé. Lórí bátìrì sólà 12V kan ṣoṣo, 18W ni, ìyẹn kò tó nǹkan kan. Ẹ so bátìrì méjì tó jọra pọ̀ di 24V, Nẹ́pà lè lọ kó máà dé mọ́. Kí ẹ tó ra irú èyí, ẹ rí i pé ó ní ojú ibi tí a ń ti DC (iná bátìrì) bọ̀, torí òmíràn wà tó ní tiransifọ́mà tirẹ̀ nínú, tó jẹ́ pé ara ògiri nìkan ló ń jẹun.

Tíìpù oníṣóńṣó tí wọ́n máa ń fi sínú páálí ló burú jù, ibi tó fi ń kan bọ́ọ̀dù kò tó nǹkan. Ẹ béèrè D24, ìyẹn pẹlẹbẹ tó fẹ̀ ní 2.4 mm, àti K tó rí bí ọ̀bẹ. Ẹ tún béèrè bóyá olùtajà ní méjì mẹ́ta sí i nílẹ̀. Bí kò bá ní in, Queen Cinema n’Ìbàdàn lẹ máa gbà lọ, nǹkan bí 100 kìlómítà, nítorí irin tí kò ju ìka lọ. Ẹ̀rọ tí tíìpù rẹ̀ kò sí nítòsí, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Ẹ má sì fi fáìlì tàbí pépà yíyun pa tíìpù láé. Bàbà ni inú rẹ̀, irin fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bò ó. Bí irin yẹn bá ṣí, lẹ́ẹ̀dì á jẹ bàbà náà tán láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Bulówà

Irú kan ní fáànù nínú ọwọ́, bíi 858D. Atẹ́gùn rẹ̀ pọ̀, ó sì rọ̀. Irú kejì, bíi 852D, ní pọ́ǹpù nínú àpótí, ó ń ti atẹ́gùn gba inú rọ́bà dé ọwọ́. Ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́, àmọ́ atẹ́gùn rẹ̀ kò pọ̀, àpótí sì ń gbọ̀n. Bí ẹ bá ra èyí tó ní pọ́ǹpù, ẹ yí i padà kí ẹ tó tàn án: sukúrúù pupa kan sábà máa ń wà ní ìdí rẹ̀, tí wọ́n fi de pọ́ǹpù mọ́lẹ̀ nítorí ìrìn àjò. Ẹ tú u kúrò. Àwọn kan ti dá ẹ̀rọ tuntun padà fún olùtajà torí ariwo tí sukúrúù yìí ń fà.

Alápapọ̀ tó kó sódárìn àti bulówà pọ̀ ń gba àyè díẹ̀ lórí tábìlì, owó rẹ̀ sì rọjú, àmọ́ 907 ni sódárìn inú ọ̀pọ̀ wọn, bí apá kan bá sì bàjẹ́, méjèèjì ló ń lọ sọ́dọ̀ alátùn-únṣe. T12 lọ́tọ̀, 858D lọ́tọ̀, ìyẹn ló dáa jù fún ilé. Quick 861DW oní 1000W dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ fi ṣọ́ọ̀bù jẹun ló yẹ, ẹ sì rántí ìṣirò iná tí a ṣe lókè.

Áàtì, àti bí ẹ ó ṣe dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù

Ẹ kọ́kọ́ ka àmì ẹ̀yìn ẹ̀rọ. 220V tàbí 230V ni kó wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, 110V ni, á jó lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ rí iná wa. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì rúbúrúbú tún sábà máa ń jẹ́ àmì pé kò ní áàtì, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀.

Kí wọ́n má tíì tì í bọ iná. Ẹ gbé mítà sí ibi tó ń dún, ẹ fi ṣóńṣó wáyà mítà kan kan ẹsẹ̀ áàtì púlọ́ọ̀gì, èyí tó gùn jù nínú mẹ́ta, kí ẹ fi èkejì kan tíìpù sódárìn. Ó gbọ́dọ̀ dún, kó má kọjá 2 ohm. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí irin ẹnu bulówà. Bí kò bá dún, ẹ gbé òmíràn. Iná díẹ̀ tó ń jò lára irin tí kò ní áàtì lè má ju kó ta yín lọ́wọ́, àmọ́ ó lè pa IC tí ẹ ń tún ṣe láìsí èéfín, láìsí ariwo. Nígbà ọyẹ́, tí aṣọ ń ta páà bí a bá ń bọ́ ọ, ọ̀ràn yìí tún le sí i.

Áàtì ara ẹ̀rọ kò wúlò bí ilé kò bá ní tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni kò sì ní. Oníná tó mọṣẹ́ á ri ọ̀pá bàbà mọ́lẹ̀, á da èédú àti iyọ̀ yí i ká. Lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ máa bu omi sí i, ilẹ̀ gbígbẹ kì í gbé iná lọ dáadáa.

Lẹ́yìn èyí kí wọ́n tàn án. Ẹ yan bulówà sí 350°C, atẹ́gùn ní àárín, kí ẹ na pépà funfun sí i ní nǹkan bíi 2 cm fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kó tó gbiná. Ojú ibi tó pọ́n gbọ́dọ̀ rí rogodo. Bó bá ṣe wọ́gọwọ̀gọ, ẹ́límẹ́ǹtì tàbí ẹnu rẹ̀ ti wọ́. Ẹ gbé e padà sórí ìjókòó rẹ̀. Òòfà wà nínú ìjókòó yẹn tó ń sọ fún ẹ̀rọ pé ó ti dé: nọ́ńbà gbọ́dọ̀ máa já bọ̀, fáànù kò sì gbọdọ̀ dákẹ́ títí ooru yóò fi wá sí abẹ́ 100°C.

Ohun tí ẹ ó rà pẹ̀lú rẹ̀, àti iṣẹ́ àkọ́kọ́

Lẹ́ẹ̀dì 0.8 mm, 63/37 tàbí 60/40, tó ní oje igi nínú. 63/37 ń yọ́ ní 183°C. Èyí tí wọ́n fi jó ọ̀pọ̀ fóònù láti ilé iṣẹ́ kò ní òjé nínú, ó tó 217°C kó tó yọ́. Fúlọ́ọ̀sì (ohun tí ń mú kí lẹ́ẹ̀dì ṣàn dáadáa) oje igi ni kí ẹ rà. Ti àwọn aṣepáìpù ní ásíìdì, á jẹ bọ́ọ̀dù. Ẹ fi fáànù kékeré fa èéfín kúrò lójú, kí ẹ sì fọwọ́ kí ẹ tó jẹun.

Bọ́ọ̀dù fóònù tó ti kú ni kí ẹ fi kọ́ṣẹ́, kí ẹ yọ ẹnu ṣájà rẹ̀. Ẹ fi fọ́ìlì bo kapásítọ̀ àti rọ́bà tó yí ẹnu ṣájà ká. Ẹ kọ́kọ́ fi sódárìn tó wà ní 350°C kó lẹ́ẹ̀dì 63/37 díẹ̀ lé ẹsẹ̀ ẹnu ṣájà náà mẹ́rin tó nípọn, kó pò mọ́ ti ilé iṣẹ́, kó lè tètè yọ́. Ẹ fi fúlọ́ọ̀sì sí i. Bulówà ní 360°C, atẹ́gùn ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, ẹnu 8 mm, kó wà ní nǹkan bíi 2 cm sí bọ́ọ̀dù, kí ẹ máa fi yípo, ẹ má dúró lójú kan. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, fúlọ́ọ̀sì á hó, lẹ́ẹ̀dì á yí láti eérú sí dídán. Ẹ fi túwísà (ẹ̀mú kékeré) kàn án jẹ́jẹ́: bó bá lọ tó sì padà fúnra rẹ̀, ó ti tó gbé. Bí kò bá mì, ẹ má fà á, bàbà ló máa bá a wá. Ẹ gbé e sókè tààrà, ẹ dá bulówà padà sórí ìjókòó rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí fáànù dákẹ́ fúnra rẹ̀ kí ẹ tó pa súíìṣì ara ògiri.