Owó gbà-má-bínú fún èjìká tó ń dùn mí lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àjẹsára

Ọ̀dọ̀ ọmọ mi l'Amẹ́ríkà ni mo ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára flu. Kí ilẹ̀ tó mọ́, apá òsì mi ò ṣeé gbé mọ́. Nígbà tí mo padà s'Àkúrẹ́, ẹlòmíràn ló ń bá mi wé gèlè. Mo fi òrí ra á títí, pàbó. A kọ lẹ́tà sílé ìwòsàn tó gún mi, wọn ò dáhùn.

Lọ́yà ibẹ̀ ló ní ìjọba Amẹ́ríkà ní ètò tó ń sanwó fún ẹni tí abẹ́rẹ́ àjẹsára bá ṣe léṣe, pé kóòtù ìjọba àpapọ̀ tó ń jẹ́ Federal Claims, ní Washington, la ó gbé ẹjọ́ náà lọ kí ọdún 3 tó pé látìgbà tí ìrora bẹ̀rẹ̀. Ètò náà ló sì ń sanwó lọ́yà, bí ẹjọ́ bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ìwé ló gbà wá: àkọsílẹ̀ apá tí wọ́n gún, àti ti dókítà pé ìrora bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 48, ó sì ju oṣù 6 lọ. Ó pẹ́ o, ṣùgbọ́n wọ́n sanwó. Ti ẹlòmíràn lè yàtọ̀. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n bá sì gún yín nílé níbí, ètò yẹn ò kàn án.