Páìpù Hítà Tó Ń Kán Lẹ́yìn Ilé

Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni páìpù kékeré tó jáde láti ara hítà balùwẹ̀ Màámi ti ń kán sẹ́yìn ilé wa níbí ní Ilé-Ifẹ̀. Ògiri ibẹ̀ ti rin gbingbin. Púlọ́ńbà kan ní ká fi igi dí i. Mo kọ̀ jálẹ̀. Ibẹ̀ ni fáàfù, ìyẹn ìdérí kékeré ara hítà tó máa ń ṣí fúnra rẹ̀, ń tú omi sí tí agbára omi inú hítà bá pọ̀ jù. Ẹni tó bá dí i, hítà lè bẹ́.

Mo gbé ike sábẹ́ rẹ̀. Tí hítà bá ń ṣiṣẹ́, kò burú kó kán díẹ̀, torí omi máa ń fẹ̀ bó bá ń gbóná. Àmọ́ mo pa á lálẹ́. Nígbà tílẹ̀ máa fi mọ́, omi ti tutù, síbẹ̀ ike ti dé ìdajì. Táǹkì òkè ló ń fún wa lómi, agbára omi rẹ̀ ò tó èyí tó lè ṣí fáàfù. Ìdọ̀tí ló há sẹ́nu fáàfù nìyẹn.

Mo gbé ọwọ́ fáàfù sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Iyanrìn pupa tú jáde wùùù, lẹ́yìn náà omi mọ́ gaara. Láti ìjẹta, gbígbẹ ni mò ń bá ike láàárọ̀. Ká ní kò dáwọ́ dúró ni, fáàfù tuntun ni ǹ bá rà.