Bí Mo Ṣe Dá Koríko Kápẹ́ẹ̀tì Mọ̀ ní Akọkà

Kò sí ẹni tó ń gbé Èkó tí kò tíì tẹ koríko kápẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ rí, ìbáà jẹ́ iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀gbẹ́ títì tàbí ọgbà iléèwé. Ó ti mọ́ wa lójú débi pé a rò pé ibí ló ti ṣẹ̀. Àlejò ni. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà níbi tí oòrùn ti ń mú ló ti wá, àwọn onímọ̀ ewéko sì ń pè é ní Axonopus compressus. Ó wù mí kí n lè fi ojú ara mi yà á sọ́tọ̀ láàárín àwọn tó jọ ọ́.

Inú ọgbà Yunifásítì Èkó ní Akọkà ni mo ti ṣe é, nígbà òjò tí koríko ń yọ òdòdó. Rúlà àti díńgí kékeré tó ń sọ nǹkan di ńlá ni mo mú dání. Mi ò dúró sí àárín pápá, torí níbi tí ẹ̀rọ ìgékoríko bá ti kọjá, òdòdó ti lọ, òdòdó yẹn sì lẹ̀rí tó lágbára jù. Abẹ́ igi fúrúùtù ni mo lọ. Koríko kápẹ́ẹ̀tì máa ń gba ibòji mọ́ra dáadáa, pàápàá tí ilẹ̀ bá tutù.

"Ọmọ mi, ṣé nǹkan ẹ já bọ́ ni?" Bàbá kan tó ń roko nítòsí ló bi mí.

"Rárá o, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́. Koríko yìí ni mò ń yẹ̀ wò."

"Fà á, wàá rí i pé ńṣe ló ń rìn nílẹ̀. Koríko ẹsẹ̀ kannakánná tó wà lọ́hùn-ún yẹn, ojú kan ló ń dúró sí, apá á sì ro ẹ́ kó tó tu."

Òótọ́ ni Bàbá sọ. Bí mo ṣe ń fà á, ó ń ṣí kúrò nílẹ̀ ní oríkèé kọ̀ọ̀kan, torí gbogbo ibi tí oríkèé ti kan ilẹ̀ ló ti ta gbòǹgbò sí. Irun kéékèèké wà lára oríkèé náà. Mo fi ìka méjì yí igi rẹ̀, kò yí, torí ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ewé rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi 1 sẹ̀ǹtímítà, orí rẹ̀ kò sì mú ṣonṣo.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì fọwọ́ sọ̀yà. Àlejò mìíràn wà tó ti Amẹ́ríkà wá, Paspalum conjugatum, òun náà ń rìn nílẹ̀, ó ń ta gbòǹgbò ní oríkèé, ibi tútù kan náà sì làwọn méjèèjì ń gbé. Òdòdó ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ti Paspalum, ìka gígùn méjì ló máa ń yà láti ojú kan ṣoṣo lórí igi, bíi lẹ́tà V. Hóró rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ rí roboto, irun gígùn rírọ̀ sì yí etí rẹ̀ ká. Ti kápẹ́ẹ̀tì, ìka tín-ín-rín méjì wà lókè pátápátá, ìkẹta á wá yọ nísàlẹ̀ wọn díẹ̀. Ìkẹta yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Mo rí àwọn tí kò ní ju méjì lọ, hóró ni mo sì fi dá wọn mọ̀: ó gùn díẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣonṣo, kò ju nǹkan bíi mìlímítà 2.5 lọ, kò sì ní irun gígùn létí. Láìsí díńgí, ojú lásán kò lè rí èyí dáadáa.

Ohun kan dùn mọ́ mi nínú ìtàn rẹ̀. Palisot de Beauvois, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó fún un lórúkọ tó ń jẹ́ lónìí lọ́dún 1812, ti wá ṣa ewéko ní agbègbè Wàrì àti Bìní láti ọdún 1786.

Mo hú ẹyọ kan tòun ti gbòǹgbò àti òdòdó, mo tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn, mo gbé ìwé wúwo lé e, mo sì ń pààrọ̀ ìwé ìròyìn náà títí ó fi gbẹ. Mo kọ déètì, ibi tí mo ti rí i, irú ilẹ̀ àti igi tó ṣíji bò ó sára rẹ̀. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ewéko ní yunifásítì yẹn ní ibi tí wọ́n ń kó ewéko gbígbẹ pamọ́ sí. Ẹni tó bá fẹ́ fi tirẹ̀ wé ti wọn, kó rí i pé òdòdó ò já kúrò lára rẹ̀.