Bí ẹ ṣe lè fi Sátidé kan tu ọkọ̀ lórí adágún Michigan, kẹ́ ẹ sì gun kẹ̀kẹ́ máìlì 32 ní Chicago

Ìgbà ooru ní Chicago ò pẹ́ rárá. Kẹ́ ẹ tó mọ̀, Labor Day, ìyẹn Mọ́ńdè àkọ́kọ́ lóṣù Kẹsàn-án, ti dé, àwọn tó ń ṣọ́ àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ ti kúrò ní bíìṣì, òtútù ti ń yọ́ bọ̀. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá tá a ń gbé Edgewater, Uptown àti Rogers Park, ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì nìkan la ti ń rí adágún yẹn, à ń lọ síbi iṣẹ́, à ń bọ̀ níbi iṣẹ́, ọdún márùn-ún á kọjá, ẹsẹ̀ wa ò ní kan omi. Ó máa ń dùn mí gan-an ni, torí ọ̀fẹ́ ni ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó wà létí omi yẹn, ó sì lẹ́wà. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bí èmi ṣe máa ń ṣe é.

Ọ̀nà tí mò ń sọ ni Lakefront Trail. Máìlì 18 ni, ó bẹ̀rẹ̀ láti Ardmore Avenue lápá àríwá, ó sì parí sí 71st Street ní South Shore. Láti 2018 ni wọ́n ti pín in sí méjì, àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ní tiwọn, àwa oníkẹ̀kẹ́ ní tiwa, mọ́tò ò sì bá wa dá sí i àfi àwọn ojúkò kéékèèké díẹ̀ tí wọ́n ti ń yà sí ibi ìgúnlẹ̀ ọkọ̀. Èmi kì í bẹ̀rẹ̀ láti Ardmore gan-an, Montrose Beach ni mo máa ń fi ṣe ibùdó, torí wọ́n ń háyà káyáàkì níbẹ̀, ìyẹn ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń fi àjẹ̀ tù, ibi ìgbọ́kọ̀sí wà, igi tó ní ìbòòji sì pọ̀. Láti Montrose lọ sí 71st Street tó bíi máìlì 16, àlọ àtàbọ̀ jẹ́ 32.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni pé afẹ́fẹ́ ni ọ̀gá. Kì í ṣe oòrùn, kì í ṣe agbára ẹsẹ̀ yín. Afẹ́fẹ́ ló máa sọ bóyá ẹ máa wọ omi, òun náà ló máa sọ apá ibi tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ dojú kẹ̀kẹ́ kọ. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, afẹ́fẹ́ àríwá wà lẹ́yìn mi, mo ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń tì, inú mi ń dùn pé ara mi ti le, àfìgbà tí mo yí padà ní 71st tí afẹ́fẹ́ ọ̀hún wá gbá mi lójú fún máìlì 16 gbáko, ilẹ̀ ti ń ṣú kí n tó rí Montrose.

Torí náà, lálẹ́ Fúráìdé, ẹ wo ojú ọjọ́ lórí National Weather Service, iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ ti ìjọba Amẹ́ríkà. Ẹ wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ àti bó ṣe le tó. Lẹ́tà tí wọ́n máa ń kọ, bíi SW (gúúsù ìwọ̀ oòrùn), ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ ló ń sọ o, kì í ṣe ibi tó ń lọ, ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń ṣì í kà. Tó bá jẹ́ gúúsù ló ti ń bọ̀, ó dáa púpọ̀, ẹ máa bá a jà nígbà tí ara yín ṣì le, á wá tì yín bọ̀ wálé lọ́sàn-án nígbà tó ti rẹ̀ yín. Tó bá jẹ́ àríwá, tó sì le, ẹ má lọ dé òpin, ẹ yí padà níbi àwọn mùsíọ́mù Museum Campus, ìyẹn máa tó máìlì méje sí mẹ́jọ láti Montrose, ó tó. Àbí kẹ́ ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sórí bọ́ọ̀sì CTA, iléeṣẹ́ tó ni bọ́ọ̀sì àti rélùwéè ìgboro Chicago, wọ́n ní irin níwájú tó ń gba kẹ̀kẹ́ méjì, kẹ́ ẹ lọ bẹ̀rẹ̀ láti gúúsù. Wọ́n ń gba kẹ̀kẹ́ nínú rélùwéè wọn náà, àmọ́ lọ́jọ́ iṣẹ́ wọn kì í gbà á láago méje sí mẹ́sàn-án àárọ̀ àti mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́.

Ẹni tí kò gun kẹ̀kẹ́ láti ọjọ́ tó pẹ́, jọ̀ọ́, má kàn dìde lọ gun máìlì 32. Fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta múra. Ọ̀sẹ̀ kìíní máìlì márùn-ún lẹ́ẹ̀mejì, ìkejì mẹ́wàá, ìkẹta méjìdínlógún. Kì í ṣe ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń dun èèyàn, ìdí ni, àti ọrùn ọwọ́, àwọn yẹn ló nílò kó mọ́ wọn lára.

Kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Àwọn kẹ̀kẹ́ Divvy tí wọ́n ń háyà kiri ìgboro dáa fún wákàtí kan, àmọ́ wọ́n wúwo, owó wọn sì ń gorí ara wọn bí ìṣẹ́jú ṣe ń lọ, fún ọ̀nà jíjìn ẹ lo tiyín tàbí kẹ́ ẹ yá ti ọ̀rẹ́. Ẹ gbé ìjókòó rẹ̀ ga tó, tó fi jẹ́ pé tí ẹsẹ̀ bá tẹ pẹ́dà délẹ̀, orúnkún á kàn tẹ̀ díẹ̀. Àwa èèyàn wa fẹ́ràn kí ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ dáadáa lórí ìjókòó, ìyẹn gan-an ló ń mú orúnkún ro wá. Ẹ tẹ bíréèkì wò, ẹ fẹ́ táyà dé iye tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ẹ mú túúbù kan dání, irin tí wọ́n fi ń yọ táyà, àti póńpù kékeré, kẹ́ ẹ sì ti dán pípààrọ̀ túúbù wò nílé lẹ́ẹ̀kan, torí kò sí fọkanáísà létí omi yẹn bíi ti títì ilé wa. Ẹ dé akoto.

Oúnjẹ: ìgò omi méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ omi wà lójú ọ̀nà tẹ́ ẹ ti lè máa bu sí i. Ìpékeré, ẹ̀pà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, búrẹ́dì àti àkàrà. Mo máa ń di mọ́ín-mọ́ín náà, àmọ́ inú kúlà tó wà nínú mọ́tò ní Montrose ló ń wà títí a ó fi dé. Ẹ fi ìpara tó ń dáàbò bo awọ lọ́wọ́ oòrùn para, dúdú tá a dú ò ní kí oòrùn orí omi má jó wa.

Omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn. Ìdí ni pé omi sábà máa ń parọ́rọ́ láàárọ̀, tí oòrùn bá ti wá mú, afẹ́fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti orí adágún wọ ìgboro, ìgbì á dìde. Gbàrà tí àwọn tó ń háyà bá ti ṣí, kẹ́ ẹ ti wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ omi yìí o. Ẹni tó dàgbà sétí ọ̀sà Èkó lè rò pé òun mọ omi. Omi ọ̀sà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Adágún Michigan gùn ní máìlì 307, ó fẹ̀ ní 118, ibi tó jìn jù nínú ẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 923, ìyàtọ̀ ẹ̀ sí òkun kò ju pé kò níyọ̀ lọ. Lóṣù Kẹfà ó ṣì tutù débi pé tí èèyàn bá já sínú ẹ̀ lójijì, èémí á kọ́kọ́ gbé e, á máa mí gúlegúle, tí orí ẹ̀ bá wà lábẹ́ omi nígbà yẹn, omi ló máa fà símú. Àwọn tó mọ iṣẹ́ omi tútù máa ń sọ pé ìṣẹ́jú kan lo ní láti jẹ́ kí èémí rẹ balẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lo ní kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó kọ iṣẹ́, wákàtí kan sì ni kó o tó dákú. Ẹni tó wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù tó ń mú èèyàn léfòó, á rí gbogbo àsìkò yẹn lò. Ẹni tí kò wọ̀ ọ́ lè má lo ìṣẹ́jú kan yẹn tán. Òfin ní ó gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ fún olúkúlùkù, ní Illinois ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 13 gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ sọ́rùn nínú irú ọkọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀, àmọ́ èmi ò fẹ́ gbọ́ ti ọjọ́ orí, àgbà tọmọdé, ẹ wọ̀ ọ́, ẹ sì de gbogbo okùn ẹ̀. Kẹ́ ẹ wá wo àsíá bíìṣì: àwọ̀ ewé, ẹ lè wọlé; yẹ́lò, ẹ ṣọ́ra; pupa, ẹ gbàgbé ẹ̀, ẹ lọ gun kẹ̀kẹ́.

Afẹ́fẹ́ tó wá láti ìwọ̀ oòrùn ló ń tan èèyàn jù. Àwọn ilé àti igi á bò ó, omi tó wà nítòsí á tẹ́ pẹrẹsẹ bíi dígí, ẹ ó rò pé ọjọ́ dáa. Tẹ́ ẹ bá ti wà síwájú díẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ọ̀hún á gbá yín mú, á máa tì yín lọ síhà ìpínlẹ̀ Michigan lódìkejì adágún, ẹ̀yin á sì máa tukọ̀ bọ̀ láìsún. Lọ́jọ́ tó bá le láti ìwọ̀ oòrùn, mi ò kì í wọ omi rárá.

Tí gbogbo ẹ̀ bá wá dáa, ẹ bèèrè káyáàkì tí wọ́n ń jókòó sórí ẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń ki ẹsẹ̀ bọ inú ẹ̀, torí tó bá dojú dé, èèyàn á kàn já bọ́ ni. Ẹni tí kò tukọ̀ rí, kó mú oníjòókòó méjì pẹ̀lú ẹni tó mọ̀ ọ́n, ẹni tó mọ̀ ọ́n jókòó sẹ́yìn. Ẹ gbé ọkọ̀ sí ibi tí omi dé orúnkún, ìdí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé jókòó, ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e. Ẹ fi ẹsẹ̀ ti ibi tí wọ́n ṣe fún un. Ẹ di àjẹ̀ mú kí ọwọ́ méjèèjì fẹ̀ ju èjìká lọ díẹ̀, ẹ ki ẹnu ẹ̀ bọ omi lẹ́bàá ẹsẹ̀ yín, kẹ́ ẹ wá yí ìbàdí fà á sẹ́yìn dé ìdí. Ẹni tó bá ń fi apá nìkan fà á, láàárín ogún ìṣẹ́jú apá á ti kú. Ẹ máa bá etí omi lọ ní ìbú, ẹ má dojú kọ àárín, ẹ kọ́kọ́ lọ síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, tí ìdajì àsìkò tẹ́ ẹ sanwó fún bá ti lọ, ẹ yí padà. Tí ọkọ̀ bá dà yín nù, ẹ di ọkọ̀ mú. Kò sóhun tó ń jẹ́ pé etí omi ò jìnnà, ẹ má lúwẹ̀ẹ́ fi ọkọ̀ sílẹ̀, ọkọ̀ ni wọ́n á tètè rí, òun ló sì léfòó. Ẹ fọn fèrè, ẹ gbé àjẹ̀ sókè kẹ́ ẹ máa jù ú.

Wákàtí kan tó lórí omi. Ẹ pààrọ̀ aṣọ, ẹ jẹ àkàrà, ẹ sinmi, kẹ́ ẹ wá gun kẹ̀kẹ́.

Lórí kẹ̀kẹ́, ẹ gba ọwọ́ ọ̀tún, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọjá ẹnì kan, ẹ pariwo pé "on your left" kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Máìlì mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ lọ jẹ́jẹ́, ní jíà tó fúyẹ́. Ẹ máa mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ yín. Láti North Avenue dé Oak Street ni èrò máa ń pọ̀ jù, ọmọdé, ajá, bọ́ọ̀lù, ẹ má sáré níbẹ̀ rárá, tí ìgbì bá sì ga lọ́jọ́ yẹn, ní Oak Street ó máa ń gun orí kọnkéré wá, ó ń yọ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ ti kẹ̀kẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ ó gba orí afárá Navy Pier Flyover tí wọ́n ṣí ní 2021, títì ńlá Lake Shore Drive tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín náà, ọdún yẹn ni wọ́n fi orúkọ DuSable kún un, ọkùnrin dúdú tó tẹ̀dó síbẹ̀ kí Chicago tó dìlú.

Tẹ́ ẹ bá kọjá Museum Campus, èrò á dínkù, ọ̀nà á tú yín lára. Ní nǹkan bíi 29th Street, ẹ dúró. Lọ́jọ́ 27 oṣù Keje 1919, ọmọkùnrin dúdú ọmọ ọdún 17 kan, Eugene Williams, ń ṣeré lórí igi tó léfòó lórí omi yìí pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, omi gbé wọn wọ apá tí àwọn òyìnbó ní tàwọn ni, òyìnbó kan sọ wọ́n lókò, Eugene sì kú sómi. Ìjà tó ti ibẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ pa èèyàn 38. Òkúta ìrántí ẹ̀ wà níbẹ̀. Mo máa ń mú ọmọ mi sọ̀ kalẹ̀ kó kà á, kó mọ̀ pé ẹ̀mí ẹnì kan ti lọ sórí eré tá a wá ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ lónìí.

Ní Promontory Point, lẹ́bàá 55th Street, koríko wà, ìbòòji wà, ibẹ̀ ni mo ti ń rẹ gààrì. Gààrì Ìjẹ̀bú, ṣúgà, ẹ̀pà, omi tútù láti inú ìgò tí mo gbé sí yìnyín látàná. Ìdajì wákàtí, kẹ́ ẹ wá parí ìyókù dé 71st. Tó bá ń wù yín láti wẹ̀ lójú ọ̀nà, aago mọ́kànlá àárọ̀ sí méje alẹ́ ni àwọn tó ń ṣọ́ omi máa ń wà ní bíìṣì, ẹ má wọ omi tí wọn ò bá sí níbẹ̀.

Ní bíbọ̀, ẹ má ka máìlì. Ẹ máa dúró ní wákàtí wákàtí, ẹ jẹ nǹkan díẹ̀ kí ebi tó pa yín, tí ọwọ́ bá ń kú, ẹ máa yí ibi tẹ́ ẹ ti di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú. Tẹ́ ẹ bá dé Montrose, mọ́ín-mọ́ín ń dúró dè yín nínú kúlà. Kẹ́ ẹ tó gbé kẹ̀kẹ́ wọlé lálẹ́, ẹ fi àkísà nu iyanrìn kúrò lára ṣéènì, ẹ kán òróró díẹ̀ sí i, torí iyanrìn etí omi yẹn máa ń jẹ ṣéènì run, ẹ ó sì nílò ẹ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀.