Bí mo ṣe gba fídíò Ojúde Ọba mi padà

Ọjọ́ kẹta Iléyá 2024, mo gun orí àga oníke kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kí n lè rí ẹṣin àwọn ìdílé Balógun dáadáa. Ẹṣin funfun kan ń jó bọ̀, ṣaworo ọrùn rẹ̀ ń dún. Àfi gbàù! Èéfín ẹ̀tù bò wá, súyà bọ́ lọ́wọ́ ọmọ tó dúró tì mí. Lálẹ́, mo gbé fídíò náà sórí ìkànnì, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ wo ìbọn! Àwọn ọmọ Balógun ti pa wá lónìí o!"

Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn tó ni ìkànnì náà ti yọ ọ́. Wọ́n ní mo ń gbé ìwà ipá lárugẹ, n kò sì gbọdọ̀ gbé nǹkan kan síta fún ọjọ́ méje.

Abala 39 ìwé òfin 1999 ló kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu, èyí tó fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ tẹnu wa. Àbúrò mi, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti gbà sófin ilé wọn lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ṣí àkáńtì. Ìjọba tó ti Twitter pa ní 2021, ilé ẹjọ́ ECOWAS dá a lẹ́bi ní 2022. Ìjọba nìkan ni wọ́n ń pè lẹ́jọ́ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pe kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ́dọ̀ àwọn onílé gan-an."

Ká sọ tòótọ́, ìbínú ni mo fi tẹ bọ́tìnnì kò-tẹ́-mi-lọ́rùn nígbà àkọ́kọ́, n kò ṣàlàyé kankan. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni wọ́n fi dá a nù. Fídíò yẹn sì ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ! Ta ló wá wò ó?

Àbúrò mi da ọ̀rọ̀ tí mo kọ sínú ẹ̀rọ atúmọ̀ èdè. Ohun tó jáde ni pé àwọn ọmọ Balógun fìbọn pa èèyàn. Ẹ̀rín pa mí kí n tó rántí pé inú ń bí mi.

Ó ku ẹ̀ẹ̀kan tí mo lè bẹ̀bẹ̀. Àyè tí wọ́n fún mi kò gbà ju gbólóhùn mẹ́ta lọ. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ pé ọdún ìbílẹ̀ ni, ìbọn ṣakabùlà lásán tí wọ́n ń yìn láti yẹ́ Awùjalẹ̀ sí. Pé "pa wá" níbí yìí, ó wù wá kọjá ààlà ni. Kí wọ́n sì lọ tààrà sí ìṣẹ́jú kejì, wọ́n á rí àwọn èrò tó ń pàtẹ́wọ́. Gbólóhùn kẹta yìí ni àbúrò mi tẹnu mọ́ jù: ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún fídíò níwájú kò ní í wá ibi tí ọ̀rọ̀ wà fún ọ.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni fídíò padà. Wọn kò ní ká má bínú. Ìyà ọjọ́ méje ti tán, aráyé náà sì ti gbàgbé ẹṣin.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìbọn tún dún. "Ẹṣin ti dé" ni mo kọ sábẹ́ tọ̀tẹ̀ yìí. Àbúrò mi ní kò dùn.