Létúùsì mi ò hù: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó ń gbin ẹ̀fọ́ sẹ́yìnkùlé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbin létúùsì sínú ike, ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì báyìí, kò sí nǹkan kan tó yọjú, bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́ ni mò ń bomi rin ín. Ṣé irúgbìn yẹn ló ti kú ni?

Ìdáhùn: Ó lè ti kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ bi yín, báwo lẹ ṣe bò ó mọ́lẹ̀ tó? Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìṣe. A máa ń fi ìka gbẹ́ ihò bí ẹni fẹ́ gbin àgbàdo, a jù ú sí i, a fi erùpẹ̀ dí i, ó parí. Létúùsì ò fẹ́ bẹ́ẹ̀ o. Irúgbìn ẹ̀ kéré bíńtín, ó sì máa ń fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀ kó tó hù, tẹ́ ẹ bá ti wà á jìn ju bí ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ, ẹ ti sin ín nìyẹn (èmi náà ti sin odidi páálí kan rí). Ẹ kọ́kọ́ bomi rin ilẹ̀, ẹ fọ́n irúgbìn sórí ẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ wá bu erùpẹ̀ wẹ́ẹ́rẹ́ wọ́n ọn díẹ̀, kó jẹ́ pé ẹ ṣì ń rí òmíràn nínú ẹ̀ fírífírí. Ẹ má fi kọ́ọ̀bù da omi sí i, torí á gbá gbogbo ẹ̀ lọ sí igun kan, ike tí wọ́n fi ń fín omi ló dáa.

Ooru náà ńkọ́? Tí ilẹ̀ bá ti gbóná kọjá 27 sí 30 sẹ́ńtígíréèdì, létúùsì á kàn máa sùn ni, kò kú o. Èmi máa ń we tèmi mọ́ tíṣù tútù, màá gbé e sínú fíríìjì fún bí ọjọ́ mẹ́ta, kì í ṣe ibi yìnyín o, kí n tó wá gbìn ín nírọ̀lẹ́ nígbà tí ilẹ̀ ti rọlẹ̀.

Ìbéèrè: Irúgbìn tó wà lọ́wọ́ mi ti pẹ́. Báwo ni màá ṣe mọ̀ pó ṣì dáa?

Ìdáhùn: Ẹ ka mẹ́wàá sórí tíṣù tútù, ẹ ká a, ẹ kó o sínú ọ̀rá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ẹ tú u wò. Tí mẹ́jọ bá hù, kò léwu. Tó bá jẹ́ mẹ́rin, ẹ fọ́n ọn nípọn. Tó bá jẹ́ òdo, ẹ dà á nù jàre. Kárọ́ọ̀tì ni kẹ́ ẹ ní sùúrù fún, òun lè lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ìbéèrè: Tèmi hù dáadáa, inú mi ń dùn, àfi bí mo ṣe dé bẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kẹfà tí gbogbo ẹ̀ ti dùbúlẹ̀. Kòkòrò ni àbí?

Ìdáhùn: Pẹ̀lẹ́ o. Ẹ fa ọ̀kan tu, kẹ́ ẹ wo ibi tó ti kan ilẹ̀. Tíbẹ̀ bá ti rọ̀, tó tín-ín-rín bí òwú, tó tún dúdú díẹ̀, àrùn inú ilẹ̀ ni, omi àpọ̀jù ló sì ń bọ́ ọ. Èyí tó ti ṣubú ò ní dìde mọ́, ẹ má tan ara yín. Ẹ ṣí ohun tẹ́ ẹ fi bò ó kí atẹ́gùn wọlé, ẹ jẹ́ kójú ilẹ̀ gbẹ kẹ́ ẹ tó tún bomi, tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ gbin òmíràn, ẹ fi ọṣẹ fọ ike náà kẹ́ ẹ sì lo erùpẹ̀ tuntun. Àmọ́ tó bá dà bíi pé abẹ ló gé e, tí orí ẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀ nílẹ̀, ẹ fi ìka tú erùpẹ̀ ìdí ẹ̀, ẹ máa rí kòkòrò kan tó ká kò bí òrùka. Òun nìyẹn. Ẹ mú un kúrò.

Ìbéèrè: Ojú fèrèsé ni tèmi wà, ó kàn ń ga gbọọrọ.

Ìdáhùn: Ìmọ́lẹ̀ ò tó o. Ẹ gbé e síta díẹ̀díẹ̀, wákàtí kan lónìí, méjì lọ́la, ẹ má gbé e sínú oòrùn gangan lẹ́ẹ̀kan náà, á jó o. Tó bá jẹ́ tòmátò, ẹ lè ri ọrùn ẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣí i gbìn síbòmíràn, á ta gbòǹgbò níbẹ̀, létúùsì ní tiẹ̀ á jẹrà ni.

Ìbéèrè: Ewé mi dàgbà, ṣùgbọ́n ó korò bí ewúro!

Ìdáhùn: Ṣé ó ti ń na ọrùn sókè láàárín? Òdòdó ló fẹ́ yọ nìyẹn, ooru àti ọ̀sán gígùn ló fà á. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ dá a padà. Ẹ gbin díẹ̀ míì síbi tó níbòòji, kẹ́ ẹ máa gé e nígbà tó ṣì kéré, kẹ́ ẹ sì fi ọ̀kan nínú èyí tó korò yẹn sílẹ̀ kó so, irúgbìn tẹ́ ẹ máa rí kó lórí ẹ̀ á pọ̀ ju èyí tẹ́ ẹ rà lọ.